Áàpù Àkọ́kọ́: Àwòrán Ni Kó Yà

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló máa ń fẹ́ kí áàpù àkọ́kọ́ wọn jẹ́ ti ọjà títà tàbí ti owó fífi ránṣẹ́. Àṣejù ni. Irú áàpù bẹ́ẹ̀ nílò sáfà, ọ̀rọ̀ aṣínà àti ààbò lórí owó olówó, kó tó ṣe ohunkóhun tí ojú lè rí. Láti ìdí ni a ti ń gun igi. Áàpù kékeré tó ń dá àwòrán yà, àwòrán tí kò jọ ènìyàn, tí kò jọ ẹranko, ló yẹ kí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe.

Àpẹẹrẹ ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Ní nǹkan bí 1968, Georg Nees, ọmọ Jámánì, fi kọ̀ǹpútà ya Schotter: àpótí onígun mẹ́rin 12 ní ìbú, ìlà 22 láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn ti òkè tò gún régé. Bí ojú ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n ń fì sí ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n ń yẹ̀ kúrò láyè wọn, títí gbogbo rẹ̀ fi dà rú. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣẹ́ kèké fún àpótí kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí ìlà bá ṣe jìnnà sí òkè tó, bẹ́ẹ̀ ni agbára kèké náà ṣe ń pọ̀ sí i.

Lónìí, p5.js, irinṣẹ́ tí a fi ń kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà á fi ya àwòrán, tí Lauren McCarthy bẹ̀rẹ̀ ní 2013, wà lọ́fẹ̀ẹ́, fóònù sì lè gbé e. Àṣìṣe inú rẹ̀ kì í sá pamọ́. Bí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bá gbàgbé láti dá ojú ìyàwòrán padà sípò, ibi tí àpótí kan yí sí ni èyí tó tẹ̀ lé e yóò ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, gbogbo wọn á sì máa pòòyì bí òkòtó. Bí kò bá pàṣẹ pé kí ó yà á lẹ́ẹ̀kan péré, p5.js á máa tún un yà ní nǹkan bí ìgbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, pẹ̀lú kèké tuntun, àwòrán á sì máa gbọ̀n.

Àwọn kan á ní irú áàpù yìí kì í mówó wọlé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣe é á ti mọ bí a ṣe ń fi òdiwọ̀n sí kèké, bí a ṣe ń tọ́jú nọ́ńbà tí kèké ti bẹ̀rẹ̀ kí àwòrán tó wuni lè padà wá, àti bí áàpù ṣe ń dáhùn nígbà tí ìka bá kàn án. Gbogbo rẹ̀ ló wúlò fún áàpù ọjà lọ́la. Iṣẹ́ kékeré tó parí, tí ọ̀rẹ́ lè gbà tẹ̀ wò, sàn ju áàpù báǹkì tó kú sójú ọ̀nà.