Ọ̀dà Kì Í Wo Ògiri Tó Bu Sàn

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí a jọ ń gbé Port Harcourt yìí, ó lè yà yín lẹ́nu pé èmi tí mò ń ta ọ̀dà ni màá sọ ọ̀rọ̀ yìí: tí dúdú bá ti hù sára ògiri yín, ẹ má tíì wá ra ọ̀dà.

Èbu ni dúdú yẹn, ọmọ ìyá èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti pẹ́. Àwọn kan ní soot ni. Lóòótọ́, láti ìparí 2016 la ti ń nu soot nílùú yìí, àmọ́ orí gbogbo nǹkan ni soot ń bà sí, ẹ nù ún, ó lọ. Èbu ní tiẹ̀, ibi tí omi bá wà ló ń gbé: ẹ̀yìn wọ́ọ̀dróòbù, abẹ́ fèrèsé, igun àjà tí páànù ti ń jò. Ó ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ. Ẹ nù ún lónìí, kò ní pẹ́ tó fi máa padà.

Ọ̀pọ̀ wa máa ń sọ pé, "Ilé onílé ni jàre, ilé tèmi wà ní Ògbómọ̀ṣọ́." Ó dáa. Ṣé ẹ̀dọ̀fóró ọmọ yín náà wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni? Inú yàrá yìí ló ń sùn. Èbu ń tú nǹkan bíi lẹ́búlẹ́bú tí ojú ò lè rí sínú afẹ́fẹ́. Ọmọdé, arúgbó àti ẹni tó ní asthma ló máa ń tètè ṣe.

Ní Rochdale, nílùú Ọba, ọmọ ọdún 2 kan, Awaab Ishak, kú ní December 2020. Sudan làwọn òbí rẹ̀ ti wá, àlejò tó ń háyà ilé bíi tiwa ni wọ́n. Bàbá rẹ̀ ti fẹjọ́ èbu sùn láti 2017, wọ́n ní kó kùn ún lọ́dà. Ní 2022, aṣèwádìí ikú sọ pé èbu ilé yẹn ló fa ikú ọmọ náà. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe òfin kan níbẹ̀ báyìí.

Èrò tèmi nìyí. Èbu kékeré, ẹ wọ ìbòmú àti ìbọ̀wọ́, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́. Ẹ má po Hypo mọ́ oògùn tí wọ́n fi ń fọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì o, èéfín olóró ló ń mú jáde. Ṣùgbọ́n tó bá ti ju ẹsẹ̀ bàtà 3 níbùú, 3 lóòró lọ, tàbí tó ti wọ inú àjà, ẹ sanwó fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n? Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ bi yín pé, "Níbo lomi ti ń wá?" Ẹni tó bá kàn ń bèèrè irú ọ̀dà tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ ní kó máa lọ. Ojúlówó oníṣẹ́ á ní kí wọ́n tún páìpù tàbí páànù ṣe. Á kó ọmọ àti ẹrù jáde, á fi nylon dí ẹnu ọ̀nà, á wọ ìbòmú. Kò ní fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ha ògiri, torí ìyẹn ló ń fọ́n ọn ká gbogbo ilé. Àjà tó ti rin gbingbin, á gé e, á dì í sínú nylon kó tó gbé e kọjá pálọ̀. Ìgbà tí gbogbo ẹ̀ bá gbẹ tán ni ọ̀dà tó kàn.

Owó ẹ̀ ò kéré, mo mọ̀. Ẹ ya fọ́tò ògiri, ẹ gbé e lọ bá láńlọ́ọ̀dù. Tó bá gbà kẹ́ ẹ yọ ọ́ nínú owó ilé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i, kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé páànù kan náà ló ń jò sórí gbogbo yín, kí gbogbo ayálégbé dáwó jọ.

Ògiri tó bá lanu ni alángbá ń wọ̀. Ẹ dí ọ̀nà omi ná. Ọ̀dà ò ní tán ní ṣọ́ọ̀bù.