Fíìmù Adẹ́rùbani Kò Jẹ Òǹwòran ní Gbèsè Àlàyé

Ọdún 2009 ni Kúnlé Afọláyan gbé fíìmù The Figurine, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Araromire, jáde, síbẹ̀ àríyànjiyàn rẹ̀ kò tíì parí. Níbi tí àwọn olólùfẹ́ fíìmù adẹ́rùbani bá ti ń sọ̀rọ̀ sinimá ilẹ̀ wa, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi dárúkọ rẹ̀, tí ilé yóò sì pín. Àwọn kan ní òrìṣà ló jà. Àwọn kan ní ọwọ́ ọmọ aráyé lásán ni, Fẹ́mi, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ méjì inú eré náà, ni kí ẹ mú. Àwọn kẹta tún wà, tí wọ́n ní fíìmù náà kò parí, pé ẹni tó gba owó lọ́wọ́ ènìyàn yẹ kó sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ gan-an. Ẹ̀sùn àwọn ẹni kẹta yìí ni kò tọ̀nà, òun náà ló sì ń ba fíìmù adẹ́rùbani jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Fún ẹni tí kò tíì wò ó, ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Ní ọdún 1908, wọ́n gbẹ́ ère kan fún òrìṣà tó ń jẹ́ Araromire. Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án yóò ṣoríire fún ọdún méje gbáko. Tí méje bá pé, ibi ni yóò máa tẹ̀lé e kiri fún ọdún méje mìíràn. Àwọn ará abúlé dáná sun ojúbọ òrìṣà náà, wọ́n rò pé ó tán. Ní ọdún 2001, àwọn àgùnbánirọ̀ dé agbègbè náà. Ọ̀rẹ́ ni Ṣọlá àti Fẹ́mi, àwọn méjèèjì ló sì ní ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Mona lọ́kàn. Òjò lé àwọn méjèèjì wọ ilé àlàpà kan nínú igbó. Ojúbọ àtijọ́ ni. Ṣọlá rí ère níbẹ̀, ó mú un lọ.

Ọdún méje dùn. Ṣọlá lówó, ó fẹ́ Mona. Ikọ́ fée tó ti ń dààmú Fẹ́mi tipẹ́ lọ pátápátá. Nígbà tí méje pé, gbogbo rẹ̀ dojú rú: owó lọ, ikú wọlé, ikọ́ Fẹ́mi padà. Wọ́n ju ère nù, wọ́n tún bá a nínú ilé. Ìgbà tí fíìmù ń parí lọ la tó mọ̀ pé Fẹ́mi, tí ìfẹ́ Mona kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ rí, lọ́wọ́ nínú ọ̀pọ̀ ohun tí a ti kà sí iṣẹ́ òrìṣà. Lẹ́yìn náà ni ìbéèrè kan ṣoṣo hàn lójú àwòrán: kí ni ìwọ gbà gbọ́? Eré parí.

Yorùbá ní àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ? Òwe yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń ṣèdájọ́ láìfura. Òun gan-an ni Kẹ́mi Adésoyè tó kọ eré náà, àti Afọláyan tó darí rẹ̀, gbé sórí òṣùwọ̀n. Wọ́n jẹ́ kí àjẹ́ ké, wọ́n jẹ́ kí ọmọ kú, wọ́n wá fi ẹlòmíràn tó mú ọ̀bẹ dání hàn wá. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀, wọn kò sọ bóyá igbe àná ló pa ọmọ tàbí ọ̀bẹ òní.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ikọ́ fée yẹn dáadáa. Fẹ́mi lè gbé ère padà sínú ilé nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rí i. Ó lè pa ènìyàn, ó sì lè ba ayé ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló wò ó sàn? Ìlara kì í wo ikọ́ sàn. Ẹni tó gbà pé òrìṣà ló ṣe é yóò rọ̀ mọ́ ibẹ̀, kò ní jẹ́ kó bọ́. Ẹni tí kò gbà yóò dáhùn pé ikọ́ fée a máa fi ẹlòmíràn sílẹ̀ fún ọdún púpọ̀ kó tó padà, àti pé ẹni tí àyà rẹ̀ ń já nítorí ìtàn ọdún méje, kò yani lẹ́nu bí èémí bá há mọ́ ọn lọ́fun. Àlàyé méjèèjì ló fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ṣé iṣẹ́ tí kò parí wá nìyẹn? Ẹni tó fẹ́ kí ohun kan ṣoṣo gba ìtumọ̀ méjì, kí ọ̀kan má sì borí èkejì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, iṣẹ́ rẹ̀ le ju ti ẹni tó kàn ní "àjẹ́ ni" lọ. Fíìmù náà ló gba ẹ̀bùn fíìmù tó dára jù lọ níbi àmì-ẹ̀yẹ AMAA ní ọdún 2010, ó sì tọ́ sí i.

Ẹni tó bá fẹ́ ta ko èyí ní ẹ̀rí tó wúwo lọ́wọ́: Hubert Ògúndé, ọ̀gá onítíátà. Nígbà tí fíìmù rẹ̀, Ayé, jáde ní ọdún 1979, tí Ọlá Balógun darí rẹ̀, ta ló ń béèrè bóyá àjẹ́ wà? Àjẹ́ wà níbẹ̀ ní gbangba, Ọ̀ṣẹ́túrá tí Ògúndé fúnra rẹ̀ ṣe sì dojú kọ wọ́n títí rere fi borí. Kò sí iyèméjì kankan, síbẹ̀ ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn gidigidi. Bẹ́ẹ̀ náà ni Arélù tí Jímọ̀h Àlíù ṣe fún tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọmọdé ìgbà náà ti di ìyá àti bàbá ọlọ́mọ báyìí, wọ́n ṣì ń sọ bó ṣe jẹ́ pé tí Fadéyí Olóró bá ti pọfọ̀ tán, kò sẹ́ni tó lè dá jáde lọ tọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Òjó Arówóṣafẹ́ tó ṣe Fadéyí kò bọ́ lọ́wọ́ orúkọ yẹn mọ́ títí ó fi kú ní ọdún 2024.

Òótọ́ ni gbogbo èyí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí ohun tí Ògúndé kò ṣe. Kò jókòó ṣàlàyé fún òǹwòran bí àjẹ́ ṣe ń fò. Kò nílò rẹ̀. Àwọn tó rọ́ wọ gbọ̀ngán nígbà tí òun àti àwọn ọ̀gá onítíátà bíi tirẹ̀ ń gbé fíìmù wọn láti ìlú dé ìlú, ti gbé ẹ̀rù náà wá láti ilé. Ó ti wà nínú ọ̀rọ̀ tí ìyá ìyá wọn sọ fún wọn. Àwọn tó wá ń ṣe bíi Ògúndé lẹ́yìn rẹ̀ mú ìṣẹ́gun ìkẹyìn, wọ́n fi ìgbàgbọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Living in Bondage, fíìmù Igbo tó jáde ní ọdún 1992, ló sì fi ọ̀nà kan lélẹ̀ tí ọ̀pọ̀ gbà títí di òní. Andy fi ìyàwó rẹ̀ Merit ṣe ògùn owó. Ibi tí òkú obìnrin yẹn ti ń yọ sí i ló ń dẹ́rù bani jù. Ojú rẹ̀ nìkan tó. Ṣùgbọ́n inú ìjọ ni ìtàn náà gbé parí sí, àdúrà sì tán gbogbo rẹ̀. Fíìmù tó tẹ̀ lé e lọ́nà yìí kò níye: pásítọ̀ pariwo, iná kọ̀ǹpútà jáde lọ́wọ́ rẹ̀, ìwin gbiná, wọ́n kọ ọpẹ́ fún Ọlọ́run sójú àwòrán. Àwọn òǹwòran ń sọ pé ẹ̀rín ni irú èyí ń pa àwọn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àmọ́ nínú àwọn kan náà yìí ni a ti ń rí àwọn tó ń bínú sí Araromire pé kò ní pásítọ̀ tó máa parí ọ̀rọ̀.

Afọláyan fúnra rẹ̀ ti ṣe òdìkejì Araromire. Nínú Aníkúlápó ti ọdún 2022, agbára láti jí òkú dìde, tí Sàró rí gbà lọ́dọ̀ ẹyẹ àkàlà, já a kulẹ̀ níwájú gbogbo ìlú, ó sì dàbí ẹni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán síbẹ̀. Ó korò, ó sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí eré alápá púpọ̀ tó tẹ̀ lé e jáde ní ọdún 2024, wọ́n gbé Sàró lọ sí ẹnu ibodè ọ̀run, wọ́n ka òfin ibẹ̀ sí i létí, wọ́n sì fún un ní iṣẹ́ pé kó lọ dá àwọn tó jí dìde padà. Ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ eré náà fẹ́ràn rẹ̀, ẹwà aṣọ àti èdè rẹ̀ kò sì ṣe é jà níyàn. Ṣùgbọ́n àkàlà tó ń bani lẹ́rù tẹ́lẹ̀ nítorí pé a kò mọ ohun tó ń fẹ́, ti wá di apá kan nínú ètò ìjọba ọ̀run. Ikú tí a ti mọ òfin rẹ̀ kì í dẹ́rù bani tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilé nìkan. The Blair Witch Project tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1999 kò fi àjẹ́ rẹ̀ han ẹnikẹ́ni títí ó fi parí. His House, tí Remi Weekes darí ní ọdún 2020, tún sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí Wunmi Mosaku, ọmọ tí wọ́n bí ní Zaria tó dàgbà sí Manchester, ló ṣe ìyàwó nínú rẹ̀. Tọkọtaya kan sá fún ogun ní South Sudan, wọ́n fún wọn ní ilé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òkú sì ń sọ̀rọ̀ nínú ògiri. Ó pẹ́ kí a tó mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n ń ṣọ̀fọ̀ kì í ṣe ọmọ wọn. Ọkọ ló já a gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ kí wọ́n lè ráyè wọ ọkọ̀ àsálà. Ṣé òkú ló wà nínú ògiri ni, àbí ẹ̀rí ọkàn? Fíìmù náà kò lé àwọn òkú jáde. Wọ́n wà nínú ilé náà pẹ̀lú wọn títí dé òpin.

Òtítọ́ kan kù tó yẹ kí àwọn olùṣe fíìmù gbọ́. Ọ̀lẹ pọ̀ tó ń fi "ẹ rò ó fúnra yín" bo àìmọ̀ọ́kọ mọ́lẹ̀. Ẹni tí kò gbin àmì kankan sínú eré rẹ̀, tó wá dá a dúró lójijì, kò fi ohunkóhun sílẹ̀ tí a lè rò. Olólùfẹ́ tó bá bínú sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ jàre. Àwọn aláṣẹ náà ní ipa tiwọn. Àjọ tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù ní Nàìjíríà kéde ní ọdún 2024 pé àwọn kò ní gba fíìmù tó ń gbé ògùn owó lárugẹ láyè mọ́. Èrò rere ló wà nídìí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí gbogbo òǹkọ̀wé bá ti ń bẹ̀rù pé àfi kí òun fìyà jẹ oníṣẹ́ ibi ní gbangba kí fíìmù òun tó lè jáde, ìparí kan náà ni a ó máa wò títí.

Kí àwọn olùṣe fíìmù wa padà lọ wo Araromire, kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́, kí wọ́n sì gbójúgbóyà láti dákẹ́ níbi tó yẹ kí wọ́n dákẹ́. Ẹ̀yin olólùfẹ́ náà, tí ẹ bá jáde nílé sinimá tí ẹ ṣì ń bá ara yín jiyàn dé ilé, ẹ má sọ pé wọ́n rẹ́ yín jẹ. Owó yín pé.