Ọjọ́ Kò Sáré, Àwa Là Ń Kánjú

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ àti òbí Mùsùlùmí, ẹ yé di ẹ̀bi ru ọjọ́. Wákàtí 24 náà ni Ọlọ́hun ṣì ń fún wa. Ní oko Akínyẹlé àti Ọ̀nà-Àrà, ẹ̀gẹ́ ń lò tó bí ọdún kan nínú ilẹ̀, àgbẹ̀ kò sì pariwo mọ́ ọn. Kí ló dé tí a fi ń kánjú kí ìrun Ìṣáì nítorí fóònù? Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) dá ẹni tó kánjú kírun padà lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kò tíì kírun. Ẹ lè sọ pé hádíìsì ti ní àkókò yóò súnmọ́ra. Ìkìlọ̀ nìyẹn, kì í ṣe àwáwí. Ẹ fara balẹ̀ ní rukúù, ẹ fara balẹ̀ jẹun pẹ̀lú ará ilé yín. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ọjọ́ wa. Àmín.