Àwọn Tí Ó Pa Iná Ogun Láíbéríà

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin sì pa á, kí ejò ṣáà ti má lọ ni. Òwe rere ni, a sì fẹ́ràn láti máa pa á nígbà tí a bá ń yin obìnrin. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí òwe náà kò sọ. Nígbà tí ejò bá ti kú tán, tí àwọn ará ilé sì péjọ láti pinnu bí a ó ti tún ilé náà ṣe, ǹjẹ́ a ń fún obìnrin tí ó pa á ní ìjókòó? Ìbéèrè yìí ni ó mú wa gbé ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè Láíbéríà wá síwájú ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, ọdún 1989, ni àwọn ọmọ ogun Charles Taylor gba ilẹ̀ Côte d'Ivoire wọ ẹkùn Nimba. Ogun náà jà títí di ọdún 1996. Ó sinmi díẹ̀, ó tún bẹ́ sílẹ̀ ní 1999, kò sì tán títí di 2003. Àwọn tí a fojú díwọ̀n pé ó bá a lọ tó 250,000. Wọ́n gbé ìbọn lé ọmọdé lọ́wọ́, wọ́n sì fi ipá bá ìyá àti ọmọ lòpọ̀. Ìtàn yìí kò jìnnà sí wa rárá, nítorí àwọn sójà Nàìjíríà wà nínú ẹgbẹ́ ogun ECOMOG láti ọdún 1990, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì fojú kan ilé mọ́.

Ohùn àwọn obìnrin ti jáde tipẹ́ kí ogun náà tó parí. Ní ọdún 1994, Mary Brownell, tí í ṣe olùkọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ó ń kéde pé kí a kọ́kọ́ gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ajagun kí a tó dìbò. A kò gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn dé òpin. Nígbà tí ìdìbò dé ní 1997, ọ̀pọ̀ ènìyàn dìbò fún Taylor nítorí wọ́n ń bẹ̀rù pé bí kò bá wọlé, yóò tún dá ogun sílẹ̀. Ó wọlé, kò pé ọdún méjì tí ogun fi tún dé.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2003, bí ogun àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti ń sún mọ́ Monrovia, àwọn obìnrin wọ ẹ̀wù funfun, wọ́n wé gèlè funfun, wọ́n bọ́ ohun ọ̀ṣọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n sì lọ jókòó sí pápá kan nítòsí ọjà ẹja ní Sinkor, lẹ́bàá títì tí mọ́tò Ààrẹ Taylor ń gbà kọjá. Oòrùn pa wọ́n, òjò pa wọ́n. Wọn kò dìde. Leymah Gbowee, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títọ́jú àwọn tí ogun ti ba ọkàn wọn jẹ́, ni ó ṣáájú wọn. Onígbàgbọ́ ni òun. Asatu Bah Kenneth, ọlọ́pàá obìnrin tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, sì kó àwọn obìnrin Mùsùlùmí wá bá wọn. Wọn kò gbè sẹ́yìn ìjọba, wọn kò sì gbè sẹ́yìn ọlọ̀tẹ̀. Àlàáfíà nìkan ni wọ́n bèèrè. Ní ọjọ́ 23 oṣù náà, Taylor gbà láti fojú kàn wọ́n, ó sì ṣèlérí pé òun yóò lọ sí ìpàdé àlàáfíà.

Ìpàdé náà bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gánà ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Àwọn aṣojú ajagun ń sùn ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń jiyàn lórí ipò tí olúkúlùkù yóò jẹ, nígbà tí ọta ìbọn ńlá ń já lu àwọn ará Monrovia lórí. Ní oṣù Keje, sùúrù tán. Ìyáàfin Gbowee àti àwọn obìnrin rẹ̀ jókòó dí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìpàdé, wọ́n fi apá kọ́ apá, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kì yóò jáde títí àdéhùn yóò fi wà. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ wá láti mú un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ rẹ̀. Ẹni tí a bí ní ilẹ̀ Yorùbá kò nílò ìtumọ̀: ó mọ ohun tí ó jẹ́ kí ìyá tú aṣọ sílẹ̀ lójú ọmọ. Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar, tí ó ti ṣe olórí ìjọba Nàìjíríà rí, tí ó sì jẹ́ onílàjà níbẹ̀, bá àwọn ajagun wí, ó sì fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ tu àwọn obìnrin náà nínú. Láti ọjọ́ náà ni ìpàdé ti yí ojú padà.

Àwọn kan yóò wí pé àsọdùn ni. Wọn yóò ní ilé-ẹjọ́ àkànṣe ti Sierra Leone ti fi ẹ̀sùn kan Taylor, àwọn ọlọ̀tẹ̀ ti dé ẹnu odi, àwọn sójà Nàìjíríà sì ti gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ kí ó tó fi ipò sílẹ̀ ní ọjọ́ 11, tí ó sì lọ sí Calabar. A gbà bẹ́ẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà. Ṣùgbọ́n agbára tí ó lé ọba lọ kò tó láti mú ọmọ ogun ju ìbọn sílẹ̀ kí ó padà sílé. Nígbà tí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìbọn ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, ètò náà dàrú, rògbòdìyàn sì bẹ́. Nígbà tí a tún un bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2004, àwọn obìnrin aláṣọ funfun wà lára àwọn tí ó tọ àwọn ọ̀dọ́ náà lọ láti bá wọn sọ̀rọ̀ bí ìyá ti ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀ nínú ètò náà lé ní 100,000.

Wàyí o, báwo ni a ti pín èrè? Nínú àdéhùn tí a fọwọ́ sí ní Accra ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún 2003, ipò mínísítà 21 ni ó wà. Ìjọba Taylor gba márùn-ún, ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ kìn-ín-ní gba márùn-ún, ẹgbẹ́ kejì náà gba márùn-ún. Mẹ́fà péré ni ó kù fún gbogbo ẹgbẹ́ òṣèlú àti ará ìlú yòókù. Ẹni tí ó gbé ìbọn gba àga. Ẹni tí ó jókòó nínú òjò gba ọpẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Ìgbìmọ̀ Ààbò Àgbáyé ti pinnu láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2000, nínú ìpinnu 1325, pé kí obìnrin ní ipa nínú gbogbo ètò àlàáfíà.

Síbẹ̀ àwọn obìnrin kò káwọ́ gbera. Wọ́n kiri ọjà àti abúlé láti mú ara wọn forúkọ sílẹ̀ fún ìdìbò, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2005 sì ni Ellen Johnson Sirleaf borí George Weah, tí ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí a dìbò yàn sí ipò Ààrẹ ní Áfíríkà. Òun àti Ìyáàfin Gbowee wà lára àwọn obìnrin mẹ́ta tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ti àlàáfíà ní 2011. A kò ní fi òtítọ́ pamọ́: Ìyáàfin Sirleaf ti ran Taylor lọ́wọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun, ó sì tọrọ àforíjì lórí rẹ̀, Ìyáàfin Gbowee fúnra rẹ̀ sì bá ìjọba rẹ̀ wí ní gbangba ní 2012. Ènìyàn ni obìnrin, kì í ṣe áńgẹ́lì. Nítorí pé ó jẹ́ ará ìlú ni a ṣe ń bèèrè ẹ̀tọ́ fún un.

Láti ìgbà tí ogun ti parí, obìnrin kò tí ì tó ìdá kan nínú márùn-ún nínú Ilé Aṣojú-ṣòfin Láíbéríà. Òfin ìdìbò tí wọ́n tún ṣe ní 2014 sọ pé kí ẹgbẹ́ òṣèlú "gbìyànjú" kí obìnrin má dín ní 30 nínú 100 àwọn tí wọn yóò fà kalẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe olùkọ́ rí mọ̀ pé ọmọ tí a bá sọ fún pé kí ó gbìyànjú láti dé ní agogo mẹ́jọ, agogo mẹ́wàá ni yóò yọjú. Ti ìdájọ́ ńkọ́? Ẹ̀wọ̀n 50 ọdún tí a dá fún Taylor ní 2012, nítorí ibi tí ó ṣe sí Sierra Leone ni, kì í ṣe nítorí Láíbéríà. Ní 2024 ni Ààrẹ Joseph Boakai tó fọwọ́ sí ìwé tí ó dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ láti ṣètò ilé-ẹjọ́ fún ọ̀ràn ogun náà. Ọmọbìnrin tí wọ́n bà jẹ́ ní 1990 ti lè di ìyá àgbà báyìí.

Kí àwa ní Nàìjíríà má sì rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú, jókòó sí iwájú ààfin nítorí owó orí títí Aláké fi fi ipò sílẹ̀ ní 1949. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn aṣòfin wa kọ àbá tí ì bá ya ìjókòó sọ́tọ̀ fún obìnrin. Nínú aṣojú-ṣòfin 360 tí a yàn ní 2023, obìnrin kò pé ogún. Nígbà tí a bá ń pe ìpàdé lórí ìjà àgbẹ̀ àti darandaran, àwọn opó dà?

Ohun tí a ń wí kò le. Kí ECOWAS má ṣe ìlàjà kankan mọ́ láìfi obìnrin sí ìdí tábìlì bí aṣojú tí ohùn rẹ̀ ní ìwọ̀n, kì í ṣe bí alejò tí ń wòran. Kí àwọn aṣòfin Láíbéríà pa "gbìyànjú" rẹ́, kí wọ́n kọ "gbọ́dọ̀" sí ipò rẹ̀. Kí ilé-ẹjọ́ tí wọ́n ṣèlérí bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí àwọn ẹlẹ́rìí tó kú tán. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Orí tí ogun sì fọ́ jù lọ ni ti ìyá.