Etí Ni Olùkọ́ Ọ̀rọ̀ Scots, Kì í Ṣe Ojú

Àṣà kan wọ́pọ̀ láàárín àwọn tí ń ka ewì Robert Burns (1759–1796), akéwì ilẹ̀ Scotland. Bí wọ́n bá kan ọ̀rọ̀ Scots, wọn a pè é bí ẹni ń pe Gẹ̀ẹ́sì, wọn a sì fún un ní ìtumọ̀ ti Gẹ̀ẹ́sì. Bí kò bá wá yé wọn, wọn a ní Gẹ̀ẹ́sì tí ó bàjẹ́ ni. Irọ́ gbáà ni. Èdè kò bàjẹ́. Òǹkàwé ni kò bèèrè ọ̀nà. Burns fúnra rẹ̀ fi àlàyé ọ̀rọ̀ sí ìwé rẹ̀ ti 1786, kí ẹni tí kò mọ̀ lè bèèrè.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, greet. Kíkí ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹkún sísun ni ní Scots. Ẹni tí ó bá rò pé ọmọ inú ìtàn ń kí ènìyàn, ọmọ tí ń sunkún ni ó fi sílẹ̀ láìrẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni messages tí ìyá kan lọ rà ní Glasgow kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fi rán an. Èlò oúnjẹ ni. Àlejò lójú, kò fi ríran.

Ní ti ìpè, ìwé pàápàá a máa tan ènìyàn. Scots àtijọ́ ní lẹ́tà kan tí ń jẹ́ yogh (ȝ). Nígbà tí àwọn atẹ̀wé kò ní in, z ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Ìdí nìyí tí orúkọ tí wọ́n ń kọ ní Menzies fi ń jẹ́ Míńgìs lẹ́nu àwọn onílé. Ch inú loch, tí í ṣe adágún, kì í sì í ṣe k. Èémí tí ń ha ọ̀fun ni.

Àwọn kan yóò ní èdè náà ti kú. Nínú ìkànìyàn 2011, ó lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ènìyàn tí ó ní àwọn ń sọ ọ́. Ní 2025, ilé aṣòfin Scotland fọwọ́ sí òfin tí ó fún un ní ipò àṣẹ.

Kí olùkọ́ Yorùbá má sọ pé ọ̀rọ̀ ará òkèèrè ni èyí. Àwọn ará Ọ̀wọ̀ ń pe ìlú wọn ní Ọ̀ghọ̀. Ìró gh yìí, tí ó bá ch inú loch tan, kò sí nínú lẹ́tà 25 ti Yorùbá àjùmọ̀lò. Olùkọ́ tí ojú nìkan bá kọ́ yóò pè é ní g, yóò sì tún fi ọmọ tí ó pè é re ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì. Ta ni ó ṣìnà nínú àwọn méjèèjì? Kí olùkọ́ kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu onílé, kí ó tó gbé pẹ́ńsù pupa.