Ta Ni Yóò Gbé Kọ̀ǹpútà Síwájú Ọmọ Mẹ̀kúnnù?

  Bí ẹnì kan bá wà nítòsí yín tí kò lè kàwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìwé yìí sókè fún un, nítorí ọ̀rọ̀ ọmọ gbogbo wa ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó wà lórí àga ìjọba fẹ́ràn láti máa sọ. Bí ọ̀dọ́ bá ní òun kò ríṣẹ́, wọ́n á ní, "Lọ kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà." Bí ó bá ní kò sí kọ̀ǹpútà nílé ìwé òun, wọ́n á ní, "Ṣé dandan ni ilé ìwé ni? Kọ́ ọ fúnra rẹ. Bill Gates gan-an kò parí yunifásítì." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ẹni tó sọ ọ́ á sì bọ́ sínú mọ́tò rẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Àwa kò ní jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ náà wò, kí a mọ èyí tó jẹ́ òtítọ́ nínú rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ẹ̀tàn.

Òtítọ́ wà níbẹ̀, a kò ní purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ọbaníkòró lójú ọ̀nà Ìkòròdú, kí ẹ yà sí apá Ṣómólú. Ẹ gba Shipeolu o, ẹ gba Bajulaiye o, ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ẹ ó máa gbọ́. Ibẹ̀ ni àwọn ará Èkó àti àwọn ará òkèèrè ti ń wá tẹ káàdì ìgbéyàwó, ìwé ìsìnkú, kàlẹ́ńdà àti ìwé ilé ìwé. Láyé àtijọ́, lẹ́tà òjé ni àwọn atẹ̀wé máa ń ṣà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láti fi to ọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tò, ọ̀gá ni. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, iṣẹ́ òjé kógbá sílé. Ta ló wá kọ́ àwọn atẹ̀wé Ṣómólú ní iṣẹ́ tuntun? Kì í ṣe ìjọba. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò jókòó sí kíláàsì kankan nítorí rẹ̀. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ rèé. Ọmọ iṣẹ́ tuntun kì í fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Yóò gbálẹ̀, yóò lọ ra oúnjẹ ọ̀gá, yóò ru pépà láti ibi ẹ̀rọ kan dé ibi ìkejì. Ẹ̀yìn àga ni yóò dúró sí, tí yóò máa wo ọwọ́ ọ̀gá lórí CorelDRAW. Nígbà tí àwọn oníbàárà bá lọ tán lálẹ́, tí epo díẹ̀ bá ṣẹ́ kù nínú jẹnẹrétọ̀, ìgbà yẹn ni yóò jókòó tì í, tí yóò máa dán an wò. Ó ṣe é, ó bàjẹ́, ó tún un ṣe. Kó tó pẹ́, á ti mọ̀ pé àwọ̀ tí ojú rí lórí kọ̀ǹpútà kọ́ ni pépà yóò gbé jáde, á mọ̀ pé àwọ̀ mẹ́rin péré ni ẹ̀rọ fi ń po gbogbo àwọ̀ yòókù. Á mọ̀ pé ó yẹ kí àwòrán yọ díẹ̀ kọjá etí ìwé, kí ọ̀bẹ ẹ̀rọ tí ń gé pépà má baà fi etí funfun sílẹ̀. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ sí pátákó fún un. Iṣẹ́ tó bàjẹ́ ló kọ́ ọ, pẹ̀lú ìbínú ọ̀gá.

Pósítà àwọn olóṣèlú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri yín, tí olóyè ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ yẹn, irú àwọn ọmọ wọ̀nyí ló ń ṣe wọ́n. Tiwa náà wà níbẹ̀, a ò sẹ́. Ẹni tó ń sọ fún ọmọ mẹ̀kúnnù pé kó lọ kọ́ kọ̀ǹpútà, ọwọ́ ọmọ mẹ̀kúnnù ló tún ojú òun fúnra rẹ̀ ṣe kó tó dára lójú ògiri!

Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ yẹn léèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bó bá mú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì ńlá. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n á bi í ni pé, "Ìwé ẹ̀rí rẹ dà?" Kò ní. Fọ́tò ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù ló ní, níbi tí ọ̀gá ti gbé ọwọ́ lé e lórí tí ó ń ṣàdúrà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo mọ̀ dáadáa fi ọdún mẹ́jọ ṣe irú iṣẹ́ yìí fún iléeṣẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ gba òṣìṣẹ́ tí yóò máa ṣe iṣẹ́ náà gan-an fún owó oṣù, ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí tí kò mọ iṣẹ́ ni wọ́n mú. Òun náà ni wọ́n tún ránṣẹ́ pè pé kó wá fi iṣẹ́ han ẹni tuntun ọ̀hún. Ẹ ò rí nǹkan?

Ìyẹn nìkan kọ́. Ohun tí ọ̀gá kò bá mọ̀, ọmọ iṣẹ́ kò ní mọ̀ ọ́n lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn mọ CorelDRAW dójú àmì, kò sì mọ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà kan náà ṣírò owó ọjà tirẹ̀, tàbí bí yóò ṣe tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ kí ó má baà ṣègbé lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá kú. Ọmọbìnrin wa ńkọ́? Òbí wo ni yóò jẹ́ kí ọmọbìnrin rẹ̀ sùn sí ṣọ́ọ̀bù mọ́jú nítorí kí ó lè ráyè fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà? Ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé òru nìkan ni àyè rẹ̀ máa ń ṣí, ó ti ti ìdajì àwọn ọmọ wa mọ́ta.

Àwọn kan á wá ní, "Ó dáa, kí gbogbo wọn lọ kọ́ ọ nílé ìwé." Ilé ìwé wo? Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà á rántí ọdún 1982, nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kó ẹ̀rọ Intro-Tech wá láti òkè òkun. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, àwọn ẹ̀rọ náà kò jáde nínú àpótí. Kò sí iná, kò sí olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n lò, ni wọ́n bá dípẹtà síbẹ̀. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà jáde, wọ́n ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ ni yóò kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà di ara ohun tí gbogbo ọmọ ilé ìwé gbọ́dọ̀ kà. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé mẹ̀kúnnù, inú ìwé náà ló sì jókòó sí títí dòní. Ọmọ á ya kọ̀ǹpútà sínú ìwé rẹ̀, á fi rúlà fa ìlà sí i, á kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé èyí ni bọ́tìnnì, èyí ni máòsì. Tíṣà á fún un ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ọmọ náà kò tíì fọwọ́ kan ohun tó yà rí. Ta ló kọ́ odò wíwẹ̀ lójú pátákó ìkọ̀wé?

JAMB ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2013 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò wọn. Nígbà tó fi di 2015, wọ́n ti fi pépà sílẹ̀ pátápátá. Ọmọ tó ti abúlé wá, tó mọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ bí ẹní mowó, á dé gbọ̀ngàn ìdánwò, máòsì á máa sá lọ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ bí eku tí ológbò ń lé, aago sì ń lọ. Àwọn JAMB fúnra wọn rí i. Ní 2017 wọ́n ṣètò pé ẹni tí kò mọ máòsì lò lè fi bọ́tìnnì mẹ́jọ péré ṣe ìdánwò rẹ̀: A, B, C àti D fún ìdáhùn, N fún ìbéèrè tó kàn, P fún ti ẹ̀yìn, S láti fi parí, R láti fi padà. Wọ́n ṣe dáadáa, a kí wọn fún èyí. Ṣùgbọ́n ìjẹ́wọ́ wo ló tún ju ìyẹn lọ? Wọ́n mọ̀ pé ilé ìwé kò gbé ẹ̀rọ náà síwájú ọmọ rí.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, JAMB kan náà jẹ́wọ́ pé àṣìṣe ti wọ inú èsì ìdánwò ọmọ 379,997, ní Èkó níbí àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò. Ọ̀gá àgbà wọn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Is-haq Olóyèdé, sunkún ní gbangba, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ náà wá tún un ṣe. A kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àgbà tó ní ẹ̀rọ, tó ní onímọ̀ yí i ká, ṣì ń ṣe àṣìṣe. Ọmọ tí kò rí ẹ̀rọ rí la wá ní kó má ṣe àṣìṣe láàárín wákàtí méjì. Lọ́dún yẹn náà ni ìjọba àpapọ̀ tún kéde pé WAEC àti NECO yóò bọ́ sórí kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí Bill Gates tí wọ́n fi ń pa wá lẹ́nu mọ́. Lóòótọ́ ló fi Harvard sílẹ̀ ní 1975. Ìdajì ìtàn náà ni wọ́n ń sọ. Ní 1968, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ilé ìwé rẹ̀, Lakeside ní ìlú Seattle, ti ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń bá kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́. Ta ló sanwó rẹ̀? Ẹgbẹ́ àwọn ìyá tó ní ọmọ nílé ìwé náà ni. Wọ́n kó ẹrù àlòkù jọ, wọ́n tà á, wọ́n fi owó rẹ̀ san owó ẹ̀rọ àti owó wákàtí tí àwọn ọmọ yóò lò. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ṣé ẹ gbọ́? Ọmọ náà kọ́ ara rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn kan ti gbé ẹ̀rọ síwájú rẹ̀, iná wà, wọ́n sì jẹ́ kó jókòó tì í.

Nílé tiwa náà, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kọ́ tàípù àti ìkọ̀wé ìkékúrú, ó ṣe akọ̀wé ní Wesley College, Ìbàdàn. Ó ń dá ìwé kà nílé títí ó fi gba oyè B.Com. ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ní 1944, kó tó fẹsẹ̀ tẹ ìlú òyìnbó. Bí ẹnì kan bá lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé, "Ẹ lọ kọ́ ọ fúnra yín bíi tèmi," òun ni. Nígbà tó dé orí àlééfà, ṣé ohun tó sọ nìyẹn? Ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní, ọdún 1955, ìjọba rẹ̀ ṣí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ fún gbogbo ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn.

Ètò lórí pépà kò wọ́n àwọn tó ń ṣèjọba o. Ní 2016 wọ́n gbé CodeLagos kalẹ̀ nílùú Èkó. Wọ́n ní nígbà tí yóò bá fi di 2019, mílíọ̀nù kan ènìyàn yóò ti mọ bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ọdún 2019 ti kọjá. Ẹ ka ilé tó wà ní òpópónà yín, kí ẹ ka iye ẹni tí ètò náà kàn níbẹ̀. Ní 2023 ìjọba àpapọ̀ gbé 3MTT jáde, mílíọ̀nù mẹ́ta ni tiwọn. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ, tí kò ní dátà, báwo ni yóò ṣe dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ kọ́ ọ? Lọ́dún 2023 yẹn kan náà ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Pẹtiróòlù tí kò tó 200 náírà ní Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó ti ń kan ilẹ̀kùn 1,000. Ní oṣù kìíní 2025, wọ́n tún fọwọ́ sí i kí àwọn iléeṣẹ́ fóònù fi owó kún owó ìpè àti dátà dé ìwọ̀n ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọmọ iṣẹ́ tó ń dúró de ìsàlẹ̀ jẹnẹrétọ̀ lálẹ́, epo ò sí nínú rẹ̀ mọ́. Wọ́n ní kó kọ́ ara rẹ̀, wọ́n sì pa iná mọ́ ọn lójú.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa ń sọ kò ṣòro. Àwọn ilé ìwé ìjọba tó wà nílẹ̀ la ó fi bẹ̀rẹ̀. Yàrá kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà níbẹ̀, iná oòrùn lórí òrùlé rẹ̀. Nígbà tí agogo bá lù tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lọlé, wọn kò ní ti yàrá náà. Yóò ṣí títí di aago mẹ́jọ alẹ́ fún ọmọ iṣẹ́, fún ọmọ tó ń kiri ọjà, fún ọmọbìnrin tí kò lè sùn sí ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ọ̀gá Ṣómólú la ó sanwó fún kí wọ́n wá máa kọ́ni níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Tíṣà á sọ ìdí abájọ, ọ̀gá á fi ọwọ́ hàn wọ́n. A kò ṣèlérí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Òṣun ṣe ohun tó jọ ọ́ ní 2013 pẹ̀lú Ọpọ́n Ìmọ̀. Orúkọ rẹ̀ dára, èrò rẹ̀ pàápàá dára, nítorí ìwé kíkà àti ìbéèrè ìdánwò wà nínú rẹ̀ láì lo íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ ọmọ á já bọ́, bátìrì á kú. Yàrá tí alátùn-únṣe lè yà sí lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ ló wù wá ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn alátùn-únṣe kò sì wọ́n láti Ṣómólú títí dé Òtìgbà n'Íkẹjà.

Ní ti ìwé ẹ̀rí, bíríkìlà àti wẹ́dà ti ń ṣe Trade Test láti ọjọ́ pípẹ́. Ìlànà ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ ọwọ́ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2013 sì fàyè gbà á pé kí wọ́n yẹ ọwọ́ ẹni tó kọ́ṣẹ́ lẹ́yìn ilé ìwé wò, kí wọ́n sì fún un níwèé. Ìlànà wà nílẹ̀, kò kàn tíì rìn dé ẹnu ọ̀nà àwọn ọmọ yìí. Kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jókòó, kí ó ṣe é lójú olùyẹ̀wò, kí ó gbàwé. Kò sí ohun tó le níbẹ̀.

Wọ́n á bi wá pé níbo ni owó yóò ti wá. Ìsúnná Èkó ti 2025 nìkan lé ní tírílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Bí ìyẹn kò bá lè ra kọ̀ǹpútà ogún sí yàrá kan ní Bàrígà, ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé ohun tí wọ́n fi ń rà.

Àwọn tó ń wá ìbò yóò tún kan ilẹ̀kùn yín láìpẹ́, àwa náà á wà lára wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn pín ìrẹsì àti fìlà kí wọ́n lọ. Ẹ mú wọn lọ sí ilé ìwé ìjọba tó súnmọ́ ilé yín jù. Ẹ ní kí wọ́n fi yàrá kọ̀ǹpútà ibẹ̀ hàn yín. Bí wọ́n bá ní ó wà, ṣùgbọ́n wọ́n tì í, ẹ ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí gbogbo yín sì dúró síbẹ̀ títí tí yóò fi dé.