Aṣọ Tí A Kò Wọ̀ Ni Ó Ń Kú: Ọ̀rọ̀ Lórí Kimono ní Ìlú Kawagoe

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní aṣọ là ń kí kí a tó kí ènìyàn. Ariyànjiyàn kan wà nílẹ̀ tí ó fẹ́ yí òwe yìí po: àwọn kan ń yẹ ara ẹni tí ó wọ aṣọ wò kí wọ́n tó pinnu bóyá aṣọ náà yẹ ní kíkí. Wọ́n ní àlejò tí ó bá wọ kimono, aṣọ ìbílẹ̀ àwọn ará Jàpáànù, ń fi àṣà oníṣàṣà ṣe yẹ̀yẹ́, àní pé olè ni ó ń jà. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e dé ìlú tí a ti ń wọ aṣọ náà, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Kí a mú ìlú Kawagoe ṣe àpẹẹrẹ. Ó wà ní ìpínlẹ̀ Saitama, kò sì ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ nínú ọkọ̀ ojú irin láti Ikebukuro ní Tokyo. "Edo Kékeré" ni wọ́n ń pè é, nítorí pé Edo ni Tokyo ń jẹ́ títí di ọdún 1868, ìrísí àtijọ́ tí Tokyo ti sọnù sì kù sí Kawagoe. Lọ́dún 1893, iná jó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìlú náà. Àwọn oníṣòwò rí i pé ilé alámọ̀ tí ògiri rẹ̀ nípọn kò jóná, wọ́n sì kọ́ tiwọn bẹ́ẹ̀. Àwọn ilé dúdú wọ̀nyí àti ilé agogo Toki no Kane ni àlejò ń lọ wò. Ní òwúrọ̀, arìnrìn-àjò á yá kimono ní ṣọ́ọ̀bù, ẹni tí ó mọṣẹ́ á bá a wọ̀ ọ́, á rìn kiri ìlú, á jẹ oúnjẹ ọ̀dùnkún tí ìlú náà lókìkí fún, á ya fọ́tò, á sì dá aṣọ padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí ni wọ́n ń pè ní ẹ̀ṣẹ̀.

Ìjà náà gbóná púpọ̀ ní Boston, ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2015. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Museum of Fine Arts ní àwòrán kan tí Claude Monet yà lọ́dún 1876, nínú èyí tí ìyàwó rẹ̀ wọ kimono pupa. Wọ́n jẹ́ kí àwọn òǹwòran gbé irú aṣọ náà wọ̀. Àwọn kan fi ẹ̀hónú hàn, wíwọ aṣọ náà sì dópin. Ọmọ Éṣíà tí wọ́n ti fi ìrísí rẹ̀ ṣẹ̀sín láti kékeré ní Amẹ́ríkà ní ìdí láti bínú. Ìrora rẹ̀ kì í ṣe àsọdùn. Ṣùgbọ́n Jàpáànù ni wọ́n ti rán aṣọ ọ̀hún, àwọn òǹwòran ibẹ̀ sì ti gbé e wọ̀ kí ó tó dé Boston. Àwọn ará Jàpáànù kan tilẹ̀ wọ kimono wá síbẹ̀ láti tako àwọn tí ó ní àwọn ń gbèjà wọn. Nígbà tí ẹkún abánikẹ́dùn bá ju ti olóòkú lọ, ó yẹ kí a béèrè ohun tí ó ń sun.

Ẹ̀sùn olè náà kò lè dúró níwájú ìtàn. Òfin ọdún 719 ni ó fi lélẹ̀ ní Jàpáànù pé kí apá òsì aṣọ borí apá ọ̀tún, àpẹẹrẹ ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n sì tẹ̀ lé. Ní Kawagoe fúnra rẹ̀, aṣọ òwú onílà tí à ń pè ní tozan ni àwọn ahunṣọ ibẹ̀ fi gba orúkọ. Íńdíà ni irú aṣọ onílà bẹ́ẹ̀ ti kọ́kọ́ wá. Lẹ́yìn tí èbúté Yokohama sì ṣí lọ́dún 1859, òwú tín-ín-rín láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń hun ún. Ilé Osawa, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1792 tí iná 1893 kò sì rí jó, oníṣòwò aṣọ kimono ni ó kọ́ ọ. Aṣọ tí Íńdíà àti Gẹ̀ẹ́sì ti lọ́wọ́ sí, ní ìlú tí aṣọ títà kọ́, ta ni yóò wá sọ pé àjèjì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án?

Àwọn onílé pàápàá kò tilẹ̀kùn. Ọjọ́ 8, 18 àti 28 oṣooṣù ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Ọjọ́ Kimono ní Kawagoe, ẹni tí ó bá sì wọ̀ ọ́ ń rí ojúrere gbà ní àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ó kópa. Bí nǹkan bá sì dùn wọ́n, wọ́n ní ẹnu. Nígbà tí Kim Kardashian fẹ́ fi "Kimono" sọ àwọ̀tẹ́lẹ̀ tí ó ń tà lọ́dún 2019, olórí ìlú Kyoto kọ̀wé sí i, ó sì yí orúkọ náà padà. Gbígba orúkọ mọ́ oníǹkan lọ́wọ́ yàtọ̀ sí wíwọ aṣọ tí oníǹkan fi lọni.

Síbẹ̀, àṣẹ wíwọ̀ kì í ṣe àṣẹ ìwọ̀kuwọ̀. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀. Òkú ni wọ́n ń fi apá ọ̀tún borí òsì fún. Alààyè tí ó bá wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ kò béèrè. Àlejò tí ó ń lé àwọn geisha kiri ní Gion, ní Kyoto, nítorí fọ́tò, òun gan-an ni ó ń ṣe yẹ̀yẹ́. Nítorí irú wọn ni àwọn ará àdúgbò náà fi gbé pátákó sókè lọ́dún 2019 pé ẹni tí ó bá ya fọ́tò ní ojú ọ̀nà àdáni yóò san yẹ́ẹ̀nì 10,000. Ìwà ni wọ́n fòfin dè, kì í ṣe aṣọ.

Àríwísí kan ṣoṣo ni ó wúwo: pé púpọ̀ nínú kimono àyálò kì í ṣe ṣẹ́dà, pólíẹ́sítà ni. Òótọ́ ni. Yuki-tsumugi, aṣọ ṣẹ́dà tí UNESCO fi ọgbọ́n híhun rẹ̀ sínú àkójọ ohun àjogúnbá lọ́dún 2010, ọwọ́ ni wọ́n fi ń ran òwú rẹ̀, ẹyọ kan sì lè gba ọ̀pọ̀ oṣù. Aṣọ àyálò kò lè rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àlejò ni ó ń pa iṣẹ́ náà. Láti ìgbà tí ìjọba Meiji ti pàṣẹ aṣọ òyìnbó fún ayẹyẹ ìjọba lọ́dún 1872 ni kimono ti ń fi ìgboro sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ó fi di aṣọ ìgbéyàwó àti ọjọ́ ńlá. Inú àpótí ni ó ń gbé. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Jàpáànù fúnra wọn kò mọ ọ̀já rẹ̀ dì. Àwọn náà wà lára àwọn tí ó ń yá a ní Kawagoe. Ẹni tí kò bá tíì wọ ti pólíẹ́sítà rí, níbo ni yóò ti mọ̀ pé ti ṣẹ́dà yàtọ̀? Ẹni tí ó sì ń bá a di ọ̀já náà ń tipa bẹ́ẹ̀ jẹun lórí ìmọ̀ tí ì bá ti parun.

Ẹni tí ó bá fẹ́ràn kimono ní tòótọ́, kí ó kọ́ àlejò bí a ṣe ń wọ̀ ọ́, kí ó sì ra ti ahunṣọ bí agbára rẹ̀ bá ká a. Ẹni tí ó kàn ń lé ènìyàn kúrò nídìí rẹ̀, pósí ni ó ń kàn fún un.